Okùn Tí Mo Jọ̀wọ́ Létí Kànga

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mo dúró létí títì ní Ìyànà Ọ̀fà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fẹ́ ra bọ̀ọ̀lì. Mo ti nawọ́ sí èyí tó wù mí, mo sì ti ń sọ fún obìnrin tó ń sun ún pé, "Bá mi mú èyí tó..." ni fọkanáísà tó wà lẹ́yìn wa bá gbé òòlù, ó fi lu ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ yòókù kò jáde mọ́. Ọwọ́ mi wà lókè, ẹnu mi là sílẹ̀, èmi àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, mo dúró bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Obìnrin náà wo ojú mi títí. "Bàbá, ṣé kò sí o? Ṣé kí n bá yín wá àga?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo gba èyí tó fún mi, ó ti jó dúdú, mo sì forí lé ilé.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìwé yìí lè rò pé ogbó ló ń bá mi jà. Kì í ṣe ogbó, sẹ́mínárì ni. Ọdún márùn-ún ni mo lò ní ilé ẹ̀kọ́ kan nínú oko lẹ́yìn Ìrókò, níbi tí ìjọ ti ń tọ́ àwọn ọmọdékùnrin tó fẹ́ di fadá. Ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi wáyà so mọ́ igi máńgòrò ni agogo wa níbẹ̀. Mi ò di fadá. Mo di olùkọ́, mo gbéyàwó, mo bímọ, mo fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń san owó ìfẹ̀yìntì mi nígbà tó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ríìmù yẹn ò tíì tú mi sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé ìpè dé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. Wọ́n ní sẹ́mínárì wa ti ń kógbá sílé. Àwọn ọmọ tó ń wá síbẹ̀ ò tó nǹkan mọ́, ìjọ sì ti pinnu láti kó ìwọ̀nba tó kù lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ní sẹ́mínárì ńlá tó wà láàárín ìlú, kí wọ́n sọ ọgbà wa di ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Kí gbogbo wa wá dágbére fún ibẹ̀. Nísàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé e, àti pé kànga àtijọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ dí. Ìlà yẹn ni mo ń kà lákàtúnkà.

"Ṣé ẹ ó lọ?" ni ìyàwó mi bi mí. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Ó ní, "Orúnkún yín kì í dùn yín tí ẹ bá ń lọ síbi òkú." Kò mọ ohun tó ń dùn mí, torí pé mi ò sọ ọ́ fún un rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọ Olódò ni mí. Ìyá mi ń yan gàrí níbẹ̀ nígbà tí Olódò ṣì jẹ́ abúlé tí ènìyàn lè rìn já láìpàdé ọkọ̀ kan. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí ó di gàrí sínú àpò fún mi, tí ó ra àpótí tuntun àti aṣọ ìbora pupa, tí bàbá mi sì mú mi lọ sí sẹ́mínárì. Ilé gbọọrọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àti ilé ìsìn kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oko ẹ̀gẹ́. Òórùn rẹ̀ ṣì ń wá sí mi nímú nígbà mìíràn: ìda àbẹ́là, ewé ẹ̀gẹ́ tó rẹ̀, àti ẹ̀wà tó jóná nídìí ìkòkò. Bàbá Kúùkù, ẹni tó ń se oúnjẹ wa, gbà pé ẹ̀wà tí kò bá jóná díẹ̀ kò tíì jinná.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni agogo. Fadá Rẹ́kítọ̀, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà, sọ fún wa lọ́jọ́ tí a dé pé ohùn Ọlọ́run ni agogo náà, àti pé Ọlọ́run kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti lù báyìí, ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi sílẹ̀. Kì í ṣe pé kí o parí rẹ̀ kí o tó wá o. Bí o bá ń kọ lẹ́tà kan nínú ìwé, tí o ti kọ ìdajì rẹ̀, ìdajì yẹn náà ni kí o fi sílẹ̀. Mo ṣì ní ìwé kan láti ìgbà náà tó kún fún lẹ́tà tí kò lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹnìkan ti gbá a, bọ́ọ̀lù sì wà lójú ọ̀nà ni agogo lù. Gbogbo wa dúró. Gólì pàápàá dúró. Bọ́ọ̀lù ń yí lọ jẹ́jẹ́ títí ó fi wọlé láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. A jà sí i fún ọjọ́ mẹ́ta bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé, kí Fadá Rẹ́kítọ̀ tó dájọ́ pé kò sí ohun tó lè wọlé lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀.

Ìdákẹ́ jẹ́ ìdajì agogo náà. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí agogo ọ̀sán bá ti lù, a ó wọ ilé ìsìn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ tàbí dìde títí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yóò fi lù. Orin àti àdúrà nìkan ló lè jáde lẹ́nu wa. A kọ́ láti sín láìpariwo. Ìyá mi máa ń yangàn lọ́jà Olódò pé ọmọ òun kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu mọ́, kò sì mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní níbẹ̀ tí mo lè pè ní ọ̀rẹ́, Gbádébọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìrókò ni, bàbá rẹ̀ ń kírun, ìyá rẹ̀ ń lọ sí Mísà, wọ́n sì jọ ń jẹ nínú àwo kan. Ẹbí wọn ló fún ìjọ ní ilẹ̀ tí sẹ́mínárì wà, nítorí náà ó mọ gbogbo igi ibẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé sí i. Èmi ọmọ onígàrí, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú wá sílé ni mo mọ̀, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Gbádébọ̀ ló kọ́ mi bí a ti ń di ọkọ́ mú tí àtẹ́lẹwọ́ ò fi ní bó. "Ọmọ Olódò" ló máa ń pè mí, á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé Olódò jẹ́ òkè òkun.

Ní ọdún kejì wa, ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an, omi kànga lọ sílẹ̀ títí garawa fi ń bu ẹrẹ̀. Kànga náà kò jìnnà sí ilé ìsìn, abẹ́ fèrèsé ni. Ó jìn tó ọkùnrin mẹ́rin tó gun èjìká ara wọn. Wọ́n gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sí ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì, ṣùgbọ́n láti ìdajì dókè, síméńtì dídán ni. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ò lè jáde láìsí okùn. Lọ́dọọdún, ọmọ kan á wọ̀ ọ́ láti kó ẹrẹ̀, ọmọ kejì á máa fi okùn fa garawa, òun náà ni yóò sì fa ẹni tó wọ̀ ọ́ jáde. Orúkọ wa jáde lára pátákó tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí: èmi ni kí n wọ̀ ọ́, Gbádébọ̀ ni kó di okùn mú. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù ni, ní òwúrọ̀, wọ́n sì retí pé a ó ti parí kí agogo ọ̀sán tó lù.

Mo wo inú kànga náà, mo sì fà sẹ́yìn. Gbádébọ̀ wò mí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Di okùn mú, Ọmọ Olódò. Èmi á wọ̀ ọ́." Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ènìyàn pa iṣẹ́ rẹ̀ dà láìgbàṣẹ, àwa méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wọ̀ ọ́. Ó yẹ kí n so orí okùn mọ́ igi máńgòrò, mi ò so ó. Mo ń fa garawa, mo ń da ẹrẹ̀ nù, òun ń fi mí ṣeré láti ìsàlẹ̀, ó ní òun ti rí òrùlé ilé ìyá mi ní Olódò láti ibẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín. Garawa tó kún ti dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí agogo lù.

Mo jọ̀wọ́ okùn.

Mi ò rò ó rárá. Ọwọ́ mi là gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, mo yípadà, mo sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń tò wọ ilé ìsìn. Mo ti kúnlẹ̀, a ti kọ orin kan tán, kí ó tó yé mi ohun tí mo ṣe. Garawa àti okùn wà nínú kànga, Gbádébọ̀ náà sì wà nínú kànga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí pé ibí yìí ni mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí. Ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn mi, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni. Mi ò dìde. Agogo ti lù, ẹnikẹ́ni ò sì lè dìde. Mo sọ fún ara mi pé Gbádébọ̀ máa pariwo. Tó bá pariwo, gbogbo ilé ìsìn ló máa gbọ́, Fadá á sáré jáde, kò sì ní jẹ́ èmi ni mo ba ìdákẹ́ jẹ́. Mo dúró de ariwo rẹ̀. Mo na etí sí fèrèsé títí etí mi fi ń hó. Àdúrà lọ, orin lọ, oòrùn rìn lára ògiri láti orí ère títí dé orí ìjókòó wa, mo ṣì ń dúró. Mo bínú sí i pé kò pariwo. Mo sì wà níbẹ̀ títí agogo mẹ́rin fi lù.

Bàbá Kúùkù ló bá mi fà á jáde pẹ̀lú okùn tí ó fi ń so ewúrẹ́. Omi dé orúnkún rẹ̀ nísàlẹ̀, ó dúró sí i, ó ń wo òkè. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ó fi ọwọ́ kan di èjìká rẹ̀ mú.

Fadá Rẹ́kítọ̀ pè wá síwájú gbogbo ilé. Ó bi mí pé orúkọ ta ló wà lára pátákó láti wọ kànga. Gbádébọ̀ ló dáhùn. "Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, Fadá. Ó wù mí láti wọ̀ ọ́ ni." Fadá ní, okùn náà ńkọ́? Ó ní, "Okùn bọ́ ni, Fadá." Ọ̀gá àgbà kọjú sí mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gé koríko. Gbádébọ̀ ni wọ́n dá padà sílé, nítorí àìgbọràn.

Bàbá rẹ̀ wá mú un ní kẹ̀kẹ́. Ó kí Fadá dáadáa, ó di àpótí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun. Iṣẹ́ wà nílé." Mo wà níbi tí mo ti ń gé koríko, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Agogo ò lù nígbà náà. Kò sí ohun tó dá mi dúró bí kò ṣe ara mi.

Mo pàpà lọ. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe gbà wá nígbà tí a pé jọ níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdágbére. Wọ́n ta kánópì, wọ́n to àga oníke. Àwọn tí mo mọ̀ ní ọmọ tín-ín-rín ti di baba onírungbọ̀n funfun, ẹnìkan di dókítà, àwọn mélòó kan di fadá lóòótọ́, gólì àtijọ́ yẹn sì ti di ẹni tí ọ̀pá ń mú rìn. Wọ́n ṣì ń jiyàn bọ́ọ̀lù náà. Ríìmù wà lára igi máńgòrò, ó ti dípẹtà. Kànga ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, wọ́n sì ti fi páànù bo kànga wa.

Ìjókòó iwájú ni wọ́n fi olórí ẹbí tó fún ìjọ ní ilẹ̀ sí, torí pé ohunkóhun ò lè yí padà lórí ilẹ̀ náà láìṣojú wọn. "Bàbá onílẹ̀ wa" ni alága pè wọ́n, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà wọ dáńṣíkí funfun, èjìká rẹ̀ kan sì rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ. Mo mọ̀ ọ́n kó tó gbójú sókè.

Àwọn ẹgbẹ́ ti ṣe ìwé ìrántí kan tí orúkọ gbogbo wa wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kà á sétígbọ̀ọ́ wa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Alága ń ka orúkọ ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọdún tiwa, ó ka tèmi, wọ́n hó yèè torí pé èmi ni wọ́n yàn pé kí n dìde fọwọ́ sí ìwé náà lórúkọ àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà ló kà á: "Gbádébọ̀, ọmọ Ìrókò. A dá a padà sílé nítorí àìgbọràn." Ó kà á lọ, ó sì ń ka orúkọ mìíràn. Kò mọ̀ pé ẹni náà ló jókòó níwájú òun. Gbádébọ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Wọ́n pè mí. Mo dìde, ó sì dà bí ẹni pé ilé ìsìn ọjọ́ náà ti padà wá kúnlẹ̀ yí mi ká. Bí mo bá ní "mo fọwọ́ sí i", ọjọ́ náà á dùn, a ó jẹun, wọ́n á tẹ àìgbọràn mọ́ orúkọ rẹ̀ títí láé, wọ́n á sì dí kànga náà lọ́jọ́ Ajé. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ náà, n óò ba ọjọ́ gbogbo ènìyàn jẹ́. Mo ní, "Irọ́ wà nínú ìwé yìí. Gbádébọ̀ ò ṣàìgbọràn. Èmi ni mo..."

Agogo lù.

Ọ̀sán ti pé, wọ́n sì lù ú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń lù ú. Ẹ̀yin ọmọ, ká ní ẹ rí wa. Gbogbo àwọn arúgbó yẹn ló dákẹ́ lójú kan náà. Bíírò alága dúró lórí ìwé, dókítà mú ife omi dání lágbedeméjì ẹnu. Ẹnu tèmi náà ti pa dé. Mo wá wo Gbádébọ̀, ẹni tí kò lò ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ láàárín wa, tí a lé bí ẹni tí kò gbọ́ràn. Ó ti ń ṣí fìlà, fìlà náà dúró lókè orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò mì. Nǹkan kan já nínú mi.

Mo ní, "Èmi ni mo jọ̀wọ́ okùn." Ohùn mi le nínú ìdákẹ́ yẹn, àfi bí ẹni pé mo ń jà. Mo sọ ọ́ tán. Mo sọ nípa pátákó, nípa ẹ̀rù tó bà mí, nípa garawa, nípa ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, nípa orí tí mo mì. Ẹnìkan nínú wọn ní, "Ṣé òní ló wá yẹ kí o sọ èyí?" Mo ní kò yẹ, ó ti yẹ tipẹ́. Alága fa igi lé ìlà náà. Mo jókòó.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Gbádébọ̀ fọwọ́ pè mí, a jọ rìn lọ sí ìdí kànga. Ó gbé páànù kúrò. Òórùn ẹrẹ̀ tútù jáde sí wa.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò pariwo? Mo ń dúró de ohùn rẹ."

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Agogo ti lù."

Ó ní garawa náà bà á léjìká, ó sì fi ẹnu sínú aṣọ kí ìró má baà jáde. Ó ní òun ń gbọ́ orin wa láti ìsàlẹ̀, òun sì ń kọ ọ́ pẹ̀lú wa nínú ikùn òun.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó foríjì mí. Ó bo kànga náà padà kó tó dáhùn. "Kànga kọ́ ló dùn mí. Lórí kẹ̀kẹ́ bàbá mi, mo ń wẹ̀yìn títí a fi dé Ìrókò, mo rò pé o ó sá tẹ̀lé wa. Lẹ́yìn ìyẹn, mo retí ẹ lọ́dún yẹn, mo retí ẹ lọ́dún kejì. Olódò ò jìnnà síbí, Ọmọ Olódò." Ó ní, "Wá lọ́jọ́ Ajé."

Mo lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kó iyẹ̀pẹ̀ jọ, ó gba ṣọ́bìrì méjì lọ́wọ́ wọn, ó fún mi ní ọ̀kan. Àwa méjèèjì la da ti àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, a sì gbọ́ bó ṣe bọ́ sínú omi. Ó ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a ń dà á, nípa ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, nípa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tí màlúù jẹ. Kò sọ pé òun ti foríjì mí, mi ò sì tún béèrè. Mo ń lọ sí Ìrókò lọ́sẹ̀ méjì-méjì báyìí, kò tíì lé mi.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni yóò máa rẹ́rìn-ín níbi tí a ti ń fi ẹnu sínú aṣọ sín. Wọ́n ti já ríìmù náà lulẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa pè wọ́n sí kíláàsì. Inú mi dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárò ẹ̀wà tó jóná ń sọ mí. Ohun tí wọn ò lè já lulẹ̀ ni èyí tó wà nínú egungun mi, n óò sì gbé e wọ ilẹ̀.

Lánàá, mo tún wà ní Ìyànà Ọ̀fà, níwájú obìnrin kan náà. Fọkanáísà gbé òòlù, ó lu ríìmù. Ẹsẹ̀ mi dúró, ọwọ́ mi dúró lókè. Obìnrin náà ti ń wá àga. Mo ní, "Bá mi mú èyí tó pọ́n, ìyá. Kí o mú méjì. Mò ń lọ sí Ìrókò."